Kí Ìwé Téṣàn Tó Dé Ẹnubodè

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi lónìí ni àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ òkèèrè. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn wọn pé èwo ló kan tàwa níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Toronto tàbí Brampton, ó kàn án. Ẹni tó ń to ìwé jọ láti japa, ó kàn án jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Canada ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ náà wò dé gbòǹgbò.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2013, obìnrin kan ará Toronto dé pápákọ̀ òfurufú Pearson. Ó ti sanwó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e yí agbègbè Caribbean ká. New York ló ń lọ kó tó lọ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gba Pearson lọ sí Amẹ́ríkà rí mọ bó ṣe máa ń rí. Orí ilẹ̀ Canada lo ṣì dúró sí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló jókòó sí kántà, aṣọ iṣẹ́ wọn ló wọ̀, òun ni yóò gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ kí o tó wọ bàálù. Láti 1952 ni irú ètò yìí ti wà ní Toronto. Òṣìṣẹ́ náà wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó ní obìnrin yìí kò ní kọjá, torí pé wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ní 2012 nítorí ìsoríkọ́. Bó bá ṣì fẹ́ lọ, kó lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àìsàn ló ṣe obìnrin náà. Kò jalè, kò sì lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn oníròyìn, àwọn mìíràn jáde wá sọ pé ohun tó ṣe àwọn náà nìyẹn. Gbogbo wọn ń béèrè ohun kan náà: ta ló sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà?

Ann Cavoukian ni kọmíṣọ́nnà tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Ontario nígbà náà. Ó gbé ìwádìí dìde, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹrin 2014. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé inú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń gbà kọjá. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnì kan fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Ọkọ̀ aláìsàn dé, ọlọ́pàá náà dé. Wọ́n gbé aláìsàn lọ, ọlọ́pàá sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Láti téṣàn, wọ́n tari rẹ̀ sínú CPIC, ìyẹn àpótí àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí RCMP, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Canada, ń tọ́jú, tí gbogbo ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè náà sì ti ń kà láti 1972. Àdéhùn wà tó jẹ́ kí FBI máa wo inú rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ń gbà wò ó. Ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ wọ́n láago. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀, tó ń retí ẹni tí yóò tẹ orúkọ náà.

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìdí tí wọ́n fi kọ ìlà náà dára. Bí wọ́n bá tún pe ọlọ́pàá sí ilé yẹn lọ́la, ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ilé ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ rí, kó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ wọlé, kó má lọ fa ìbọn yọ sí ẹni tí ayé ti sú. Àánú ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni aṣọ́bodè ń wá nínú ìwé. Òfin ìwọlé-wọ̀de Amẹ́ríkà fún un láṣẹ láti dá ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ padà, bí ìwà tó bá àìsàn náà rìn bá lè ṣe ìpalára fún òun fúnra rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn. Ìlà kan náà tó ní kí ọlọ́pàá Toronto rọra ṣe ni aṣọ́bodè kà, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Cavoukian rí i pé àwọn ọlọ́pàá ìlú mìíràn ní Ontario ń fi ọgbọ́n yan èyí tí wọ́n ń tari. Ti Toronto kò yan nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú àpótí náà. Kọmíṣọ́nnà ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kò yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde kúrò nílé àyàfi bí onítọ̀hún bá fi ipá halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn tàbí tó lò ó, tàbí bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ọlọ́pàá pa òun, tàbí bó bá ti ní ìtàn ìwà ipá ńlá tẹ́lẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ pé àhámọ́ ọlọ́pàá ló ti ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá Toronto kọ̀. Cavoukian gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́ ní ọdún kan náà. Nígbà tó di 2015 ni wọ́n tó fẹnu kò sí ètò tuntun tí yóò máa bo irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà lójú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Amẹ́ríkà kọ́ ni Cavoukian bá fà á. Onílé ló ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Bó bá wù ú kó ṣí i, bí kò bá wù ú kó tì í. Ẹni tó fi ìwé lé onílé lọ́wọ́ láì wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kọmíṣọ́nnà náà mú, mo sì gbà pé ó mú ẹni tó yẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyà inú ọ̀rọ̀ yìí kò ju kí ọkọ̀ fi ni sílẹ̀ lọ, kó gbọ́ ti Maher Arar. Ọmọ Canada ni, ẹnjiníà ni, Syria ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2002, ó ń ti Tunis bọ̀ wálé, bàálù sì gbé e gba New York. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a dúró. Ṣáájú àsìkò yẹn, lẹ́yìn ìkọlù September 11, RCMP ń ṣọ́ ọkùnrin kan ní Ottawa. Wọ́n rí Arar tó bá ọkùnrin náà jókòó ní ilé oúnjẹ kan, tí wọ́n jọ rìn nínú òjò. Ohun tí ojú wọn rí kò ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀ wọ́n ní kí aṣọ́bodè Amẹ́ríkà fi orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀ sínú àwọn tí wọn yóò máa ṣọ́, wọ́n pè wọ́n ní agbawèrèmẹ́sìn tí a fura sí pé wọ́n bá al-Qaeda tan. Wọ́n sì da gbogbo fáìlì ìwádìí náà sórí àwo CD, wọ́n kó o fún àwọn ará Amẹ́ríkà, láì kọ ọ́ síbẹ̀ ohun tí wọ́n lè lò ó fún àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe, bẹ́ẹ̀ ìlànà tiwọn fúnra wọn ní kí wọ́n máa kọ ọ́.

Wọn kò dá Arar padà sí Canada. Jordan ni wọ́n gbé e gbà lọ sí Syria. Ó lò tó ọdún kan ní àtìmọ́lé níbẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n sì fi í sínú yàrá kótópó kan tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní ibojì. Oṣù kẹwàá 2003 ló padà délé. Adájọ́ Dennis O'Connor jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì fi àbọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2006, ó ní kò sí ẹ̀rí kankan pé Arar dẹ́ṣẹ̀, ó sì ṣeé ṣe gidigidi kó jẹ́ pé ìròyìn tí kò tọ̀nà tí RCMP fún Amẹ́ríkà ni wọ́n gbára lé. Ọ̀gá àgbà RCMP, Giuliano Zaccardelli, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2007, olórí ìjọba, Stephen Harper, tọrọ àforíjì, wọ́n sì san mílíọ̀nù mẹ́wàá àbọ̀ dọ́là Canada fún un. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, Amẹ́ríkà kọ̀, wọn kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé tiwọn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kékeré kan tún wà tí kì í dé inú ìwé ìròyìn. Canada ní ètò tí ẹni tó ti ṣẹ̀ rí, tó ti jìyà rẹ̀ tán, tó sì ti ń hùwà dáadáa fún ọdún díẹ̀, fi lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú CPIC. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọlọ́pàá kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́bodè Amẹ́ríkà bá ti rí i kí wọ́n tó yọ ọ́, tó sì ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ti di tiwọn. Òfin wọn kò sì ka ìdáríjì Canada sí. Ẹni tó mu igbó lọ́mọ ogún ọdún, tí ìlú rẹ̀ ti dárí jì, lè di ẹni ọgọ́ta ọdún kó ṣì máa tọrọ àṣẹ kó tó lọ jẹ ìnáwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston.

Ẹ má gbọ́ mi sódì o. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ tà sókè òkun, kí gbogbo ẹnubodè ayé mọ̀ ọ́n. Páásípọ́ọ̀tù tó sọnù, kí a kéde rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé ni a ti ń pinnu èyí tí yóò jáde, nítorí tó bá ti jáde, kò sí ẹni tó lè pè é padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà dúró. Lára ìdí tó sọ ni pé Nàìjíríà kì í fún wọn ní ìròyìn tó pọ̀ tó nípa àwọn èèyàn rẹ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Buhari, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Rauf Aregbesola, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, láti wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Ààrẹ Biden fagi lé àṣẹ Trump náà lọ́jọ́ tó gorí àga, 20 oṣù kìíní 2021. Ilẹ̀kùn ṣí nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lórí tábìlì. Bó pẹ́ bó yá, wọn yóò ní kí a so àpótí tiwa mọ́ tiwọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a béèrè kí ọjọ́ náà tó dé ni pé kí ló wà nínú àpótí wa?

Gbogbo wa la mọ téṣàn. Ọmọ sá, wọ́n mú ìyá rẹ̀ dípò. Abala keje òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, ìyẹn ACJA, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, síbẹ̀ ẹ bi àwọn agbẹjọ́rò tó wà níjòókòó bóyá ó ti dáwọ́ dúró. Wọ́n kọ orúkọ ìyá yẹn sí ìwé ní kántà, wọ́n gba sítétímẹ́ǹtì lẹ́nu rẹ̀, ó gba béèlì, ó lọ ilé. Kò dé iwájú adájọ́ rárá. Kí ni aṣọ́bodè Houston yóò rí kà bí ìlà yẹn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Pé wọ́n mú un. Àgbọ́ìgbọ́tán gbáà.

Èyí tó tún burú jù wà nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀. Ní Canada, láti 1972 ni wọ́n ti pa á rẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀daràn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 327 nínú Criminal Code ṣì sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí tirẹ̀ padà, kí adájọ́ máa pàṣẹ pé kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin àtijọ́ bá ṣì wà, ẹni tí ìsoríkọ́ bá dé bá, tí aládùúgbò sì pe ọlọ́pàá, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ rẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 kò sì lè gbà á tán, nítorí òfin náà yọ iṣẹ́ ìwádìí ọ̀daràn sílẹ̀ nínú púpọ̀ nínú àwọn ojúṣe tó là kalẹ̀.

Ohun kan wà tí a ń ṣe, tó sì dára, tí a kì í kà sí. Ẹni tó bá ń lọ Canada mọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó wà ní Alágbọn, ní Ìkòyí. Èèyàn yóò lọ tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbẹ̀, wọn yóò fi wé ohun tó wà nínú ìwé wọn, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Ẹ jẹ́ kí n pa ti owó tó ń bá a rìn tì lónìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ olówó orúkọ ni ìwé náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Òun ló kọ́kọ́ kà á. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ó ráyè pariwo kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ẹ̀rọ kì í fún ẹnikẹ́ni ní àyè yẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ tọwọ́ bọ àdéhùn, kí wọ́n fi àyè yẹn sínú rẹ̀: kí arìnrìn-àjò lè mọ ohun tí a sọ nípa rẹ̀, kó sì rí ibi tí yóò ti jà fún un. Kí ìdájọ́ nìkan máa lọ, kí ìmúni àti àìsàn dúró sílé.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú àpótí. Abala 16 ACJA sọ pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá ti dájọ́, kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti fi í ṣọwọ́ sí àpótí àkọsílẹ̀ àpapọ̀ tó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìdáláre wà lára ìdájọ́ o. Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù májísíréètì, tí adájọ́ ní kó máa lọ ilé rẹ̀ ní àlàáfíà, bí ìwé yẹn kò bá dé ibẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀ nìkan ni yóò máa dá dúró nínú àpótí. Mo rí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá díẹ̀ ní ìlà ẹ̀yìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Àsìkò ìbéèrè ti tó, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bi, kí ẹ dákun dáhùn níṣojú gbogbo wa: ní téṣàn tiyín, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ìwé ìdáláre yẹn kúrò ní kóòtù, ìgbà wo ló sì gbé èyí tó gbẹ̀yìn?