Ọmọ Ilé-Kéwú àti Ojú Títì



Nígbà tí ilé-kéwú ìrọ̀lẹ́ bá túká, àwọn ọmọ kì í rọra jáde. Wọn a gbá wàláà mọ́ abíyá, wọn a máa sá lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé-kéwú wa kọjú sí títì gan-an. Wákàtí yìí kan náà ni onídáńfó àti ọlọ́kadà ń kánjú jù lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ènìyàn bí 1,190,000 ni ìjàǹbá ojú títì pa ní àgbáyé ní ọdún 2021. Láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 5 sí 29, kò sí ohun tí ń pa ènìyàn tó o. Àní ibà kò tó o.

Àwọn òbí kan a máa wí pé ọmọ náà ni kò fojú sílẹ̀. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ní ojú, ó ní etí, ṣùgbọ́n kò tíì lè fi ojú díwọ̀n eré ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ó tún kúrú. Bí ó bá yọ lẹ́yìn ọkọ̀ tí a gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò rí awakọ̀, awakọ̀ kò sì rí i.

Nítorí náà, ọwọ́ awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù. Ọkọ̀ tí ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà láàyè nínú ìlú ní Nàìjíríà, a máa rin nǹkan bí mítà 14 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ 30 kìlómítà ni, ọkọ̀ náà ìbá ti dúró pátápátá láàrin mítà 14 yẹn, bí títì bá gbẹ tí bíréèkì sì dára.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ àgbà kò rántí. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ tí ó súnmọ́ni ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni. Síbẹ̀, a ṣì ń rí ẹni tí ń kọ́ ọmọ pé kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún! Òsì ni kí ọmọ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọ̀tún, kí ó tún padà wo òsì. Nítorí àwọn ọlọ́kadà tí ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn, kò gbọdọ̀ fi ìhà kankan sílẹ̀.

Ní Dar es Salaam, ní ilẹ̀ Tanzania, ẹgbẹ́ Amend tún àyíká àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n mọ gegele tí ń dín eré ọkọ̀ kù, wọ́n sì gbé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kúrò lójú títì ńlá. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn àgbáyé ní ọdún 2019. Kò sí èyí tí ó ju agbára àdúgbò lọ nínú gbígbé ẹnu ọ̀nà kúrò. Bíríkìlà kan àti wẹ́dà kan tó o ṣe.

Níbi tí èyí kò bá tíì ṣeé ṣe, iṣẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni. Kí ẹni méjì, kì í ṣe ọmọdé, dúró sí ẹ̀bá títì nígbà tí ilé-kéwú bá ń túká, kí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí ọmọ tí ó kẹ́yìn yóò fi kọjá.