Báwo Ni Oògùn Ṣe Mọ Ọ̀nà? Ìbéèrè Màmá Kan Ní Wọ́ọ̀dù Wa

Nọ́ọ̀sì yín náà tún nì yí o. Bí ẹ bá ń dáná lọ́wọ́, ẹ din iná kù díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ òní ń fẹ́ etí méjèèjì.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọdé kan máa ń wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. A ó fi dríìpù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lọ́jọ́ kan, màmá àgbà kan tẹ̀lé ọmọ-ọmọ wọn wá. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀ o. Bí Màmá ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni mí, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni kò lágbára. Ọwọ́ lẹ gún lábẹ́rẹ́. Báwo ni omi yìí ṣe mọ ọ̀nà ẹsẹ̀? Tó bá jẹ́ omi lásán ni, ẹ jẹ́ ká máa gbé ọmọ wa lọ sílé."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́, àmọ́ ní Yorùbá, ahọ́n mi so. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ fún mi dìgbà tẹ́ ẹ máa padà wá." Ohun tí mo padà sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Sẹ́ẹ̀lì ni ègé kéékèèké tí ara fi di ara. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní lysosome. Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Belgium, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fún wọn lórúkọ yẹn lọ́dún 1955. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ ohun tó ti gbó sí wẹ́wẹ́ kó lè tún un lò. Àwọn ẹ́ńsáìmù ló ń fọ́ ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú lysosome kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí. Ibòmíì nínú sẹ́ẹ̀lì ni, wọ́n á wá gba ibì kan tó ń jẹ́ Golgi kọjá. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀yin àtàwọn òbí yín ń lọ sí Èkó nígbà Kérésì, tí báàgì kún débi pé ó fẹ́ẹ̀ bẹ́. Àwọn tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú kò mọ̀ pé bàtà Àǹtí ló wà nínú rẹ̀. Pépà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ni wọ́n ń wò. Bí pépà yẹn bá já, báàgì lè balẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Golgi ni ibi tí wọ́n ti ń so pépà. Pépà ọ̀hún jẹ́ ṣúgà kékeré kan tí fọ́síféètì lẹ̀ mọ́. Mannose-6-phosphate lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń wo pépà ni wọ́n ń pè ní receptor. Èmi á pè wọ́n ní olùgbà. Olùgbà á di ẹ́ńsáìmù mú, wọ́n á jọ gbéra. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ lysosome, ibẹ̀ á máa kan sí i, bí omi ògì tó ti pẹ́. Kíkan yẹn ló ń mú kí olùgbà jọ̀wọ́ ẹrù. Ẹ́ńsáìmù á wọlé, olùgbà á padà lọ gbé òmíì.

Àìsàn kan ló là wá lójú sí èyí. Wọ́n ń pè é ní I-cell disease. Àwọn ọmọ tó ní in, ara wọn ń ṣe ẹ́ńsáìmù, àmọ́ ohun tó ń so pépà ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù á wá tú dà sínú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí á sì kún inú lysosome. Lọ́dún 1972, Hickman àti Elizabeth Neufeld ní Amẹ́ríkà fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ yìí ń gba ẹ́ńsáìmù tó wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì míì kì í gba tiwọn. Ẹ rí i pé olùgbà wọn ò ní àléébù. Ẹrù wọn ni kò ní pépà. Lọ́dún 1977, William Sly àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé mannose-6-phosphate ni pépà náà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn Màmá wà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: àwọn olùgbà kan wà lára awọ ìta sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n ń dúró de ẹrù tó bá ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀.

Àìsàn tó ń ṣe ọmọ-ọmọ Màmá ni wọ́n ń pè ní Pompe. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó máa fọ́ glycogen, ìyẹn ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́, ni kò tó nínú ara rẹ̀. Glycogen á wá kún inú ẹran ara tá a fi ń rìn, tá a fi ń mí, ó sì lè kan ọkàn pàápàá. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ́ńsáìmù yẹn gẹ́gẹ́ bí oògùn. Ìta ni wọ́n ti ń ṣe é, tòun ti pépà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri, olùgbà tó wà lẹ́sẹ̀ á rí pépà, á sì fà á wọlé.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe oògùn ló mọ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló mọ oògùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún ṣàlàyé fún wọn pé olùgbà kò pọ̀ lára ẹran ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹ́ńsáìmù náà a sì máa gbó, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Mi ò sọ pé ó ń wo àìsàn náà tán o. Kò wò ó tán, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi lásán.

Màmá dákẹ́. Wọ́n wá bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọ mi jẹ nígbà tó lóyún? Wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí i nílé ọkọ." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wá mọ̀ pé ìbéèrè tó gbé wọn wá gan-an nìyẹn.

Mo ní, "Màmá, ẹ mọ AS àti AS? Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá gbé ọ̀kan wá, ìyá gbé ọ̀kan wá, ara àwọn méjèèjì sì le koko. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ gba méjèèjì. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni." Màmá fi ìborùn nu ojú. Wọn ò tún sọ̀rọ̀ àtilọ sílé mọ́.

Ẹ̀yin tèmi, bí àgbàlagbà bá ń bi yín ní ìbéèrè ní ọsibítù, ẹ má sọ pé "dókítà ló mọ̀ ọ́n". Ẹ bá wọn wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè míì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè tiyín sísàlẹ̀, màá kà á. Ẹ bá mi kí ilé o. Ó dàbọ̀.