Lẹ́tà Láti Bàhíà



Ní ilé ìyá àgbà kan nítòsí Campos ní Èkó, wọ́n ṣí àpótí fún mi. Lábẹ́ gèlè àti ìborùn ni lẹ́tà kan láti Bàhíà ní Brazil wà, wọ́n ká a sí mẹ́jọ, tàdáwà rẹ̀ ti pọ́n. Èdè Potogí ni. Ìyá náà kò mọ̀ ọ́n kà, ó ṣáà ń tọ́jú rẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìkíni ló gba ìdajì rẹ̀: ẹ bá mi kí lágbájá, ẹ bá mi kí tàmẹ̀dò, ọmọ tẹni yìí ńkọ́, ara ìyá ti le bí? Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń kí wa níbẹ̀.

Ilé méjì ni àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ní. Wọ́n kó wọn tàbí àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ sí Bàhíà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀ ní 1835, ìjọba fòòró àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira, ọ̀pọ̀ sì wọkọ̀ padà wálé. Ṣùgbọ́n ìyá, àbúrò àti ọmọ ṣì kù lọ́hùn-ún.

Ọkọ̀ tó ń kó tábà àti ọtí wá láti Bàhíà, tó ń kó obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì padà, òun náà ló ń gbé ìròyìn. Lójú tèmi, ẹrù yẹn gan-an jẹ́ ìròyìn. Àwọn baba wa máa ń fi owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín sókùn pàrokò pé "ọkàn mi fà mọ́ ọ", torí ẹẹ́fà àti fífà. Ẹni tó dàgbà sínú irú èdè bẹ́ẹ̀, tí obì Èkó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Bàhíà, kò ní kà á sí ọjà lásán.

Nígbà mìíràn, ènìyàn ni lẹ́tà. Wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim sí Bàhíà ní 1859. Ó bá bàbá rẹ̀ wá sí Èkó ní 1875, ó lo ọdún mọ́kànlá, ó kàwé, ó kọ́ Ifá, ó sì padà sọ́hùn-ún. Babaláwo ni títí ó fi kú ní 1943. Ẹ wo iye ìbéèrè tí yóò pàdé ní èbúté lọ́jọ́ tó dé: ṣé ẹ rí wọn? Ṣé wọ́n ṣì wà?

Kí ló wá já okùn tó so ilé méjèèjì pọ̀? Ọkọ̀ dín kù lóòótọ́; Aliança, tó gbéra ní Bàhíà ní 1899, wà lára àwọn tó kó èrò wá kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èdè ni mo dá lẹ́bi jù. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 gbé Gẹ̀ẹ́sì lékè ní ilé ìwé Èkó, Potogí sì kú lẹ́nu àwọn ọmọ. Lẹ́tà àbúrò bàbá dé, kò sẹ́ni tí yóò kà á, kò sẹ́ni tí yóò fèsì. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mi ò ní fi pamọ́.

Àwọn ilé tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà pàápàá ń lọ: ní 2016, wọ́n wó ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní ilé Fernandez tàbí Ìlọ́jọ́ Bar, ní Tinúubú ní Èkó, lulẹ̀. Ẹ̀yin ará òpópónà Bámgbóṣé, Kákáwà àti Tòkunbọ̀ ní Èkó, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ta ilé bàbá yín, ẹ ṣí àpótí. Ẹ bi àgbà tó kù léèrè orúkọ tó wà nínú lẹ́tà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ọmọ yín sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ láti London lórí WhatsApp lánàá, ẹ má pa á rẹ́.