Àdírẹ́sì Mélòó Ni Ó Tó fún Ilé Ìpamọ́?



Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: àdírẹ́sì mélòó ni kọ̀ǹpútà nílò láti tọ́jú fáìlì tí a bá kó fún un? Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú, ó sì lè dojúdé. Ibẹ̀ ni 256 Odù ti jáde. Bí a bá fi ojú kan kún un, yóò di 512. Bákan náà ni bíìtì kan tí a fi kún àdírẹ́sì ṣe ń sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Bíìtì 16 ni ètò ìpamọ́ FAT16 ń lò. Àpò tí ó lè fún ní àdírẹ́sì kò lè ju 65,536 lọ. Bí dísìkì ṣe ń tóbi, àpò ni ó ń fẹ̀. Fáìlì kékeré a sì gba odidi àpò kan, ìyókù a ṣòfò. Ní ti FAT32, bíìtì 32 ni a fi ń kọ ìwọ̀n fáìlì sílẹ̀, nítorí náà fáìlì kan kò lè ju 4 GB lọ. Ẹni tí ó bá ya fíìmù ọdún egúngún fún wákàtí púpọ̀ yóò ní láti gé e sí wẹ́wẹ́, bí ààyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù lórí dísìkì.

Ní 2005, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé ZFS oníbíìtì 128 jáde. Jeff Bonwick, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é, ti ṣe ìṣirò pé agbára tí a ó fi kún irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ju èyí tí yóò hó omi òkun ayé lọ. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, bíìtì 64 tó fún iṣẹ́ wa: bí a bá tilẹ̀ fi ka báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní mílíọ̀nù 18 TB. Síbẹ̀, n kò bá wọn jà. Báìtì mẹ́jọ péré ni a fi kún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì bá kéré jù, gbogbo ẹrù ilé ni a ó kó jáde kí a tó tún un ṣe.

Ifá kọ́ wa ní ọ̀nà mìíràn. Odù kò kúrò ní 256, síbẹ̀ a kò lè ka iye ẹsẹ tí ó wà nínú wọn, nítorí pé inú Odù ni ẹsẹ ti ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àdírẹ́sì tí ó tó ti wà nílẹ̀ báyìí. Ohùn àwọn àgbà tí a kò tíì gbà sílẹ̀ ni ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.