Nígbà tí Èrò Àwọn Onígbàgbọ́ kò bá Ṣọ̀kan

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú)

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó yẹ kí Onígbàgbọ́ gbára lé nígbà tí èrò kò bá ṣọ̀kan. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á fún wa. Inú Bíbélì ni a ó ti mú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún tí ó kọjá, àgbà kan kú láàárín wa. Ìyàwó kan ni ó fẹ́ fúnra rẹ̀. Èkejì, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ṣú, kí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà di ẹni tí kò ní alátìlẹyìn. Láti ìgbà náà, ìjókòó ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń san owó ìjọ, ṣùgbọ́n kò tún jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí ó kú, àwọn kan ní kí a gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Tọ̀tún tòsì pe Ìwé Mímọ́ lẹ́rìí. Asọ̀ náà ràn dé inú ẹgbẹ́ yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan kò san owó ilé ìgbẹ̀bí tí a ń kọ́ mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé orí wa ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 15, sọ fún wa pé àwọn kan ti Jùdíà wá sí Áńtíókù, wọ́n ní ẹni tí a kò bá kọ nílà kò lè rí ìgbàlà. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà bá wọn jiyàn gidigidi. Ṣùgbọ́n wọn kò pín ìjọ sí méjì. Wọ́n gbéra, wọ́n lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Pétérù sọ tirẹ̀. Àwùjọ dákẹ́, wọ́n gbọ́ ti Bánábà àti Pọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni Jákọ́bù tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn kò ní di ẹrù wúwo lé àwọn tí wọ́n jẹ́ Kèfèrí rí lórí, àfi ìwọ̀nba ohun tí ó pọn dandan.

Nínú orí kan náà ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti bára wọn jà nítorí Jòhánù Máàkù, tí oníkálùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù darúgbó, ó ní kí wọn mú Máàkù wá fún òun, nítorí ó wúlò fún iṣẹ́. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ yìí náà ti pẹ́. Ní ọdún 1857, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé pé kí a má ṣe sàmì fún oníyàwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1855, Bíṣọ́ọ̀bù Colenso ti Natal ti kọ̀wé pé ìkà ni láti fi ipá mú ọkùnrin lé àwọn ìyàwó tí ó ti fẹ́ kí ó tó gbàgbọ́. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth ní ọdún 1888, àwọn 83 ní kí a má ṣe sàmì fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àwọn 21 kò gbà. Ní oṣù August, ọdún 1891, àwọn Onígbàgbọ́ kan ní Èkó dá Ìjọ United Native African sílẹ̀, kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè máa ṣe àkóso ìjọ wọn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, Lambeth gbà pé a lè sàmì fún oníyàwó púpọ̀ tí ó gba ìyìn rere, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ bá wà láàyè. Wọ́n ní kí a má ṣe fi ipá mú un kọ èyíkéyìí sílẹ̀, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà láwùjọ.

Ọgọ́rùn-ún ọdún! Onígbàgbọ́ ni àwọn tí ó wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn tí ó sọ pé rárá fẹ́ pa ìlànà Kristi mọ́. Àwọn tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fẹ́ pa àánú Kristi mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò náà, ta ni ó bi obìnrin tí a ó lé jáde léèrè ọ̀rọ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ni a ń pè ní gbígbára lé ìgbàgbọ́? Èkíní, kí a mọ ìpìlẹ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Kristi ni ìpìlẹ̀. Èrò wa kì í ṣe Kristi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń pe agídí wa ní ìgbàgbọ́. Èkejì, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin, pàápàá lẹ́nu ẹni tí ìdájọ́ yóò já lé lórí. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ìjà ibì kan ba ibòmíràn jẹ́. Ilé ìgbẹ̀bí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn aláboyún tí yóò lò ó kò sí níbi tí a ti ń jiyàn.

A kò sọ pé kí ìjọ pa òfin rẹ̀ tì. Àwa fúnra wa gbà pé ọkọ kan, aya kan ni ìlànà Kristi, a sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di òfin mú lè dì í mú pẹ̀lú omijé lójú, láìsí ẹ̀gàn lẹ́nu.

A ti sin bàbá náà. Àwọn opó rẹ̀ méjèèjì ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣe opó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwa tí a jiyàn lórí òkú ọkọ wọn, àwa tí a wí tọ̀tún àti àwa tí a wí tòsì, ta ni ó ti lọ kí wọn nílé? Ẹ jẹ́ kí a lọ kí wọn kí a tó padà sí ìdálẹ̀, kí ẹni tí ó di owó ilé ìgbẹ̀bí mú sì san án fún akápò kí ìpàdé yìí tó túká. Bí a bá ṣe èyí, èrò wa lè má ṣọ̀kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa yóò mọ̀ pé Onígbàgbọ́ ni wá.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa. Àmín.