Béèlì, Ẹ̀wọ̀n àti Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀tà

Ní ọdún 1995, ìjọba ológun Sani Abacha ju Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àgbẹ̀ Ọ̀tà tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, sí ẹ̀wọ̀n. Gbogbo ayé gbọ́. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà àná, bẹ̀bẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998, ó gba òmìnira. Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí ọlọ́pàá mú ní Sángo Ọ̀tà?

Òfin ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì sì wà nínú ìlú Ọ̀tà gan-an.

Ìdí béèlì ni ọ̀pọ̀ ń há sí. Adájọ́ a fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì, a sì ní kí ó mú oníduùró méjì wá: kí wọ́n máa gbé ní àgbègbè náà, kí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn pé àwọn ń san owó-orí fún ìjọba Ògùn. Ọ̀dọ́kùnrin tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ń ṣe lébírà ní ilé-iṣẹ́, tó sì gba yàrá kan ní Ìjòkó lẹ́bàá Ọ̀tà, níbo ni yóò ti rí wọn? Onílé rẹ̀ lè máa tajà l'Ékòó láìní ìwé owó-orí kankan nílé. Béèlì wà lórí ìwé, àtìmọ́lé ni ọmọ náà ń lọ. Ó ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi.

Ibí yìí ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà. Láti 2003 ni àjọ NULAI ti ń ran àwọn yunifásítì lọ́wọ́ láti dá ibùdó ìrànwọ́ òfin sílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú lọ́yà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbẹjọ́ rò, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Ó lè kọ ọjọ́ tí wọ́n mú ẹni náà sílẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Ó lè béèrè nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo tí ẹlẹ́wọ̀n náà mọ̀ sórí, kí ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá tó gbọ́ lónìí lè wá oníduùró kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tún lè béèrè ẹni tó ń jèrè lórí ẹ̀wọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, ọgbà ẹ̀wọ̀n aládàáni ni akẹ́kọ̀ọ́ dojú kọ: bí ẹlẹ́wọ̀n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó wọn ń pọ̀ sí i. Ní 2015, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia ti pariwo títí, yunifásítì náà gbà láti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè kan àwa náà: àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà ti oṣù kẹta 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti dá ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀. Bí Ògùn bá fẹ́ kọ́ tirẹ̀ lọ́la, ta ni yóò máa darí rẹ̀, báwo ni wọn yóò sì ṣe máa sanwó fún un? Ọ̀dọ́ tó ti bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ ni yóò mọ bí ó ti yẹ kí a béèrè ìbéèrè náà.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì Covenant àti Bells ní Ọ̀tà àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga yòókù ní àgbègbè yìí bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní ìrànwọ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́, ṣe àdéhùn, kí wọ́n yan akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, kí wọ́n sì rán wọn lọ sí àtìmọ́lé àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí àwọn adájọ́ Ọ̀tà náà tún ọ̀rọ̀ ìwé owó-orí yẹ̀ wò, nítorí tálákà tí kò tíì jẹ̀bi kò yẹ lẹ́ni tí à ń tì mọ́lé nítorí ìwé.