Dúdú Tí Kò Dúdú Tó

Ìlú Paris ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, ní ilé iṣẹ́ Gobelins, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ní ọdún 1824, wọ́n fi Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣe olórí àwọn tó ń pa òwú láró níbẹ̀. Ni ẹjọ́ bá dé: òwú dúdú wọn kò dúdú tó.

Chevreul fi òwú náà wé ti àwọn aláró mìíràn. Kò rí àléébù kankan. Aládùúgbò ló jẹ̀bi! Búlúù àti àwọ̀ àlùkò tí wọ́n hun tì í ni kò jẹ́ kí dúdú náà yọ. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1839.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ gé bébà aláwọ̀ eérú kan sí méjì. Ẹ gbé ọ̀kan lé orí pupa fòò, ẹ gbé èkejì lé orí àwọ̀ ewé, kí ẹ tẹjú mọ́ wọn. Ti orí pupa á fẹ́ jọ ewé díẹ̀, ti orí ewé á sì ta pupa díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bébà kan náà ni! Ojú wa ló ń ti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí òdìkejì èyí tó yí i ká.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ọn kí èèyàn máa yan ọ̀dà látinú agolo. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ tí wọn yóò jọ gbé.